Gíìgì Mélòó fún Wan-ling?

Tí ẹ bá fẹ́ mú inú bí Tu Kun-shan, ẹ pè é ní ẹnjiníà. Á ní òun kọ́, pé àwọn ẹnjiníà ló ń ṣe kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá wọn tún àṣìṣe wọn ṣe. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà, láti ìgbà tí ọjà kọ̀ǹpútà Guanghua ní ìlú Taipei ṣì wà lábẹ́ bíríìjì, tí omi òjò ń kán sí wọn lórí, títí wọ́n fi kó gbogbo wọn wọ ilé alájà mẹ́fà tí wọ́n wà báyìí. Àjà kẹta ni ìsọ̀ tirẹ̀ wà. Kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì lọ, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé òkè, dúrọ́ọ̀ kéékèèké ló kún ara ògiri, àfi bí ẹni pé ewé àti egbò ló ń tà. Mẹ́mórì ló wà nínú wọn, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gùn ju ìka lọ, tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kó má baà máa wọ́ ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìmọ̀ràn kan tí kì í yí padà. Bí oníbàárà bá bi í pé mẹ́mórì mélòó ni kóun rà, á kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi í ṣe. Lẹ́yìn náà á ní, "Ra èyí tó tó ẹ lò báyìí, kó o fi ihò kejì sílẹ̀ lófìfo. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, owó ẹ̀ á ti wálẹ̀. Wàá padà wá, màá bá ẹ ki èkejì bọ̀ ọ́." Òótọ́ ló ń sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni owó mẹ́mórì fi ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí nìkan ló yàtọ̀, tó jẹ́ pé òkè ló ń gùn lójoojúmọ́ bíi ká máa lé e. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn náà ò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn sì máa ń padà wá lóòótọ́, wọ́n á mú gúáfà tàbí ẹ̀pà sísun dání fún un, wọ́n á jókòó ti ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ọdún kan. Ọkùnrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti ń tú nọ́ọ̀tì lọ́wọ́, etí rẹ̀ á ṣí, ẹnu rẹ̀ náà á sì ṣí díẹ̀.

Ìmọ̀ràn yìí kan náà ló ń fún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ tí a bá máa sọ òótọ́, ti ọmọ rẹ̀ ní àbùlà nínú.

Wan-ling nìkan ni ọmọ tó bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, Kaohsiung ló ń gbé, ní ilé kan náà pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀. Á tẹ̀lé ìyàwó láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń kun àtíkè fún un láàárọ̀ títí wọ́n á fi jẹun tán, á wá fi kọ̀ǹpútà gé àwòrán náà, á tò ó, á fi orin sí i. Láti Kaohsiung sí Taipei, rélùwéè tó yára kì í lò tó wákàtí méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Wan-ling ń wọ̀ ọ́ wálé, ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun ìbílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ ń padà sí ilé ìyá rẹ̀. Ilé ìyá là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ilé bàbá. Ohun tó ń dun Kun-shan nìyẹn. Yueh-chiao ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún méjì ṣáájú kí Wan-ling tó ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe ń gbé ọbẹ̀ wọlé, A-chu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ọwọ́ tọ́ ọ ní itan, ó ní, "Kun-shan, ìyá Wan-ling ò kúkú sí mọ́. Ta ló máa wá máa padà wá bá lọ́jọ́ kejì ọdún? Má fi sọ́kàn o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Kì í ṣe pé obìnrin náà fẹ́ ṣe ìkà. Ó fẹ́ múra ọkàn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti há Kun-shan lọ́fun bí egungun ẹja.

Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ pé, Wan-ling wá. Bàbá rẹ̀ ti se ẹja, ó ti din àkàrà ráàdíṣì, iyọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Wọ́n jẹun tán. Po-yu ọkọ rẹ̀ sùn lọ sórí àga. Bàbá àti ọmọ jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ó máa sọ, torí pé ìyá ló máa ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nígbà tó wà láyé. Aago méjì ò tíì lù tí Wan-ling ti ń wo aago. Ìgbà náà ló ní, "Bàámi, kọ̀ǹpútà mi mà ti ń lọ́ra jù."

Kun-shan fò dìde. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì oúnjẹ, Wan-ling ń fi iná fóònù tàn án fún un, orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ ilé ọkọ, pé wọ́n ń fi ṣúgà sí ọbẹ̀ jù. Ó ń sọ ti àwọn ìyàwó tó ń sunkún kí wọ́n tó jáde nílé àti àwọn tí kì í sun. Ó sọ ti ìyá rẹ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà nídìí iṣẹ́ tí Kun-shan lè ṣe tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ihò mẹ́mórì méjì ni kọ̀ǹpútà náà ní, mẹ́mórì gíìgì mẹ́jọ mẹ́jọ méjì ló sì wà lápò Kun-shan. Ó ki ọ̀kan bọ̀ ọ́. Ó fi èkejì sílẹ̀ lápò.

Wan-ling ní, "Ihò kejì ńkọ́?"

"Ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀. Owó ẹ̀ á ti wálẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún kejì ó ki mẹ́jọ tó kù bọ̀ ọ́. Lọ́dún kẹta ó ní fáànù inú rẹ̀ ti gba eruku. Ìgbà kan wà tó pààrọ̀ bátìrì tí kò tíì bàjẹ́, ìgbà kan sì wà tó kàn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, tó sì tò ó padà. Kò purọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán fún un. Ọdún méje ló fi ń pín ìtọ́jú kọ̀ǹpútà yẹn ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pín oògùn, kí ohun tí wọ́n máa ṣí má baà tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù kọkànlá, bó ṣe ń ṣí ìsọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún.

"Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà mi ti kú."

"Kú bí i báwo?"

"Ó kú ni o. Mò ń to fídíò kan lọ́wọ́ lánàá, ó kàn ṣókùnkùn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ó ní pátákó inú ẹ̀ ti jóná."

"Ta ló ní kó o gbé e fún ẹlòmíì?" Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Háà, Bàámi! Ìgbéyàwó mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé kí n gbé òkú kọ̀ǹpútà wọ rélùwéè wá bá yín ni?"

Ohun tí ì bá wù ú kó ṣe gan-an nìyẹn.

Wan-ling ní òun ti rí méjì tó dáa. Ọ̀kan nípọn, ọ̀kan fẹ́lẹ́. Ẹ̀dínwó wà lórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó máa parí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mi ò mọ èyí tí mo máa mú nínú wọn, mi ò sì mọ mẹ́mórì tí mo máa gbà. Gíìgì mẹ́rìndínlógún wà, méjìlélọ́gbọ̀n wà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wà. Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ ni mo máa rà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Fi orúkọ méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Màá pè ẹ́ padà."

"Kó tó di aago márùn-ún o, Bàámi."

"Mo ti gbọ́."

Ká ní oníbàárà ló béèrè, Kun-shan ì bá ti dá a lóhùn kó tó pa ẹnu dé. Ó wo orúkọ méjèèjì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ àwọn ará ilé rẹ̀. Èyí tó nípọn ní ihò mẹ́mórì méjì, ẹ lè ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ ki èkejì bọ̀ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹ lè tú u dé egungun. Ó wúwo. Èyí tó fẹ́lẹ́ kò tó ìdajì rẹ̀ lórí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní ihò kankan. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti jó mẹ́mórì rẹ̀ mọ́ pátákó, iye tẹ́ ẹ bá sì rà mọ́ ọn ni yóò wà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀.

Ó jókòó. Kò ṣí dúrọ́ọ̀ kankan.

Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì ń wò ó. Kuo ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé wáyà ló ń tà, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìyá Oníwáyà lọ. Ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ti gbé ẹ̀gbẹ́ Kun-shan láti ìgbà abẹ́ bíríìjì.

"Ẹ̀gbọ́n Shan, kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán? Ṣé wọ́n jà yín lólè ni?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan, ẹ wá fajú ro. Wan-ling ló pè, àbí? Ohùn tẹ́ ẹ fi ń dá a lóhùn ni mo fi mọ̀. Tó bá jẹ́ àwa ni, ẹ̀ẹ́ kàn gbin ni."

"Ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ó ní mẹ́mórì mélòó ni kóun gbà."

Ìyá Oníwáyà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lẹ wá ń ronú sí? Kẹ́ ẹ wá lọ ti ìsọ̀ pa, kẹ́ ẹ máa lọ sílé! Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún ṣe rèé."

Nígbà tó di ọ̀sán, Kun-shan jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ tó máa ń jẹ lójoojúmọ́, àmọ́ ìdajì ló jẹ. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀gbẹ́ni Chiu ti ń ta kọ̀ǹpútà tuntun. Ó ní kí Chiu jẹ́ kóun rí inú èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàtẹ. Kun-shan yí i padà sábẹ́ iná, ó fi ìka wá ibi tí ihò yẹ kó wà. Kò sí ihò. Ohun dúdú kéékèèké mẹ́rin ló lẹ̀ mọ́ pátákó náà pẹrẹsẹ.

"Níbo ni wọ́n ti ń ki í bọ̀ ọ́?" Ó mọ ìdáhùn kó tó béèrè. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan já òun nírọ́ ni.

Chiu rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bi mí? Ohun tó bá bá wáyé ló máa bá kú. Wọn kì í tún ṣí irú eléyìí mọ́."

Kun-shan pa á dé, ó sì gbé e sókè. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi gbé e. Ó fúyẹ́ débi pé ó tún un gbé wò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rí i pé òun ń ronú nípa èjìká Wan-ling.

Ní ọjọ́ kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí Wan-ling wọlé, tó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, òórùn oògùn ìrora ló kọ́kọ́ wọlé ṣáájú rẹ̀. Bó ṣe ń tan iná fún bàbá rẹ̀, kò pẹ́ kó tó pààrọ̀ ọwọ́, ó sì tún pààrọ̀. Ọrùn aṣọ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, Kun-shan rí pílásítà funfun méjì tó lẹ̀ láti ìdí ọrùn dé èjìká. Ó bi í. Wan-ling ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà, iná, èmi nìkan ni mò ń gbé gbogbo ẹ̀ gun àtẹ̀gùn." Kun-shan tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì tó ń tú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kan láti ìgbà yẹn tí òórùn pílásítà náà ò wá sí i lọ́kàn, pàápàá tó bá ń dá jẹun.

Ó padà sí àjà kẹta. Ó jókòó, ó fa dúrọ́ọ̀ kan yọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ òsì. Ó ti fi gègé kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i lára tipẹ́. Mẹ́mórì gíìgì mẹ́rìndínlógún kan wà nínú rẹ̀, tí kò tíì jáde nínú ọ̀rá. Inú oṣù keje ló ti rà á pamọ́ de ọjọ́ kejì ọdún tó ń bọ̀, fún kọ̀ǹpútà tó ti jóná báyìí. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí mẹ́mórì di ọ̀wọ́n, ọkùnrin kan fẹ́ fi ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀ gbà á. Ó ní kò sí ní títà.

Èyí tó nípọn máa gba mẹ́mórì yìí. Ó kàn máa wọ ihò kejì rẹ̀ báyìí ni. Ó mú fóònù rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ pé: Ra èyí tó nípọn. Gba mẹ́rìndínlógún. Fi ihò kan sílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ̀ràn tó ń fún gbogbo ayé ni, ta ló lè bá a wí sí i? Ọdún mẹ́fà tàbí méje tún nìyẹn tí Wan-ling á máa gbé e wá, tí iná fóònù á máa tàn sórí tábìlì oúnjẹ. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ débi pé ó ń dun ún láyà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún ò kú, kò sì kọjá òkun.

"Ẹ ò tíì fi ránṣẹ́ síbẹ̀?" Ìyá Oníwáyà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì méjì. Ó ti ka ohun tó wà lójú fóònù, ojú ò sì tì í. "Èyí tó nípọn? Èyí tó wúwo bí òkúta ìlọta yẹn?"

"Ó ṣeé ṣí."

"Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣí. Ta ló fẹ́ ṣí i?"

Kun-shan gba tíì, kò mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n Shan, ẹ dá mi lóhùn. Ká ní oníbàárà ló dúró síwájú yín báyìí, obìnrin tó ń gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn kiri, tí èjìká ń dùn, tó ń gé fídíò ńláńlá, kí lẹ máa sọ fún un?"

Kun-shan gbé ife náà kalẹ̀. "Màá ní kó ra èyí tó fẹ́lẹ́. Nígbà tí kò sì ní ihò, màá ní kó gba èyí tó pọ̀ jù."

"Ó dáa. Wan-ling wá burú ju oníbàárà lọ?"

Obìnrin náà padà sídìí wáyà rẹ̀, kò tún bojú wẹ̀yìn. Kun-shan wo dúrọ́ọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ó lé kan, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí i nínú ọjà náà pé ó ta ohun tí kò yẹ onítọ̀hún fún un. Ọmọ tó bí nìkan ló ń fún ní ohun tó wu òun fúnra rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó pa ohun tó tẹ̀ rẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì pe Wan-ling. Aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa.

"Bàámi, mo ti ń wo aago o!"

"Ra èyí tó fẹ́lẹ́. Gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí n ra kékeré, kí n fi ihò kan sílẹ̀?"

"Kò ní ihò. Wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Iye tó o bá gbà lónìí náà lo máa lò títí wàá fi pààrọ̀ ẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ò ní tó ẹ fún ọdún méjì pẹ̀lú irú iṣẹ́ ẹ. Tó o bá gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, á gbé ẹ fún ọdún mẹ́fà, méje. O ò ní bá a jà."

"Kí la máa wá ṣí lọ́jọ́ kejì ọdún?"

"Kò sí." Ó mí kanlẹ̀. "Irú ẹ̀ kì í ṣeé ṣí. Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i."

Ó ti rò pé inú ọmọ náà á dùn, pé á ní ẹ ṣé Bàámi, á sì sáré lọ rà á. Ohun tó gbọ́ ni ìmí ẹ̀dùn.

"Bàámi, ẹ ti kó bá mi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé àbúrò Po-yu obìnrin ti bímọ méjì báyìí? Ọjọ́ kejì ọdún lòun náà ń wálé, gbogbo wọn máa ń kún ilé. Ó ti pẹ́ tí ìyá ọkọ mi ti ń sọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí Màámi ò sí mọ́, kí n kúkú máa dúró, kí n máa bá àwọn dáná. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn rò pé kò sẹ́ni tí mò ń lọ bá ni." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ọdọọdún ni mo ń sọ fún un pé kọ̀ǹpútà mi ni mo fẹ́ gbé lọ. Mo ní ohun tí mo fi ń jẹun ni, pé ọwọ́ bàbá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí. Ó máa ní, 'Tó bá ti jẹ́ ti iṣẹ́, máa lọ.' Fáànù yẹn ò bàjẹ́ rí, Bàámi. Mo mọ̀. Bátìrì yẹn náà, mo mọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀."

Kun-shan dìde dúró láàárín ìsọ̀ rẹ̀. Ọdún méje. Òun ń fi mẹ́mórì pamọ́ sí dúrọ́ọ̀ ní Taipei, ọmọ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà tọrọ àyè ní Kaohsiung, kò sì sí ẹni tó la ẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kejì nínú wọn.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú," Wan-ling ní. "Ṣé kí n kúkú ra èyí tó nípọn ni? Ẹ sọ̀rọ̀. Mo lè gbé e. Ó ti mọ́ mi lára."

Ó ku kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Rárá. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni kó o rà. Tọ́jú èjìká ẹ."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn nílé?"

"Sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé bàbá ẹ ń dúró dè ẹ́."

Bí ti ọmọdé ni ohùn Wan-ling ṣe rí. "Ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń dúró dè mí, Bàámi? Ẹ ò sọ ọ́ rí."

Ìyá Oníwáyà ti dá wáyà tó ń ká lọ́wọ́ dúró. Kun-shan ò yíjú pa dà, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ kẹta ọdún," ó ní, "tó o bá ti lọ báyìí, ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀."